Ìtàn Adéwọ̀yìn Lẹ́nu Ògbufọ̀

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn ọmọ ẹbí tó ń gbé ní Àbíjàn a máa kún ilé Adéwọ̀yìn ní Èjìgbò fọ́fọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti kó ẹrù wọn sínú bọ́ọ̀sì, yóò wá ku Alàájì Ṣàkírù, baba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, òun nìkan láàárín àwọn yàrá tí wọ́n ti tì pa. Bí kì í bá ṣe ti Wúràọlá, opó tó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí baba náà má gbọ́ ohùn èèyàn.

Àṣà wọn ni pé kí àgbà ilé jókòó lójúde, kó ròyìn bí Adéwọ̀yìn, bàbá bàbá rẹ̀, ṣe tan ìránṣẹ́ òyìnbó jẹ nígbà tí ìjọba ń fi tipátipá kó ọkùnrin lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè, tó sì fẹsẹ̀ rìn dé Àbíjàn. Àwọn ọmọ náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, wọn ò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀". Wúràọlá, tó ta aṣọ fún ogún ọdún ní Àbíjàn, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Faransé fún wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Irọ́ sì ni ìtàn náà. Bàbá Alàájì ló jẹ́wọ́ fún un kó tó kú. Orúkọ Adéwọ̀yìn ni ìránṣẹ́ òyìnbó pè lọ́jọ́ náà, Adéwọ̀yìn sì nawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀, Kọ́lápọ̀, ó ní, "Òun nìyẹn." Wọ́n de Kọ́lápọ̀ lọ, kò sì padà wálé mọ́. Ìtìjú ló lé Adéwọ̀yìn dé Àbíjàn. Kọ́lápọ̀ yìí ni bàbá bàbá Wúràọlá.

Ogójì ọdún ni Alàájì fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá sọ ọ́, Wúràọlá ò ní yà sọ́dọ̀ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń sọ fún un pé Iléyá tó kù níwájú ò pọ̀, kò sì fẹ́ kí irọ́ di ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò wo ojú obìnrin náà.

Àmírà, ọmọ-ọmọ Alàájì, gbé fóònù sókè, ó ń dúró de ìtumọ̀.

Wúràọlá tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì bẹ̀rẹ̀. Faransé ń dà lẹ́nu rẹ̀ geere, títí àwọn ọmọ fi bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Alàájì ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹ̀rín yẹn máa ń wà. Ó dùn ún wọ egungun.

"Wúràọlá, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó relé ọkọ."

"O mọ̀, o sì ń túmọ̀ irọ́ fún wọn lọ́dọọdún?"

"Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Ẹ ti wá sọ ọ́ lónìí, ẹ ṣeun."

"Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Torí tiwọn ni mo ṣe sọ ọ́."

"Ẹ kọ́ wọn lédè yín, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín. Ẹ má fi ẹnu ọmọ Kọ́lápọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Adéwọ̀yìn."

Ó dìde, ó rọra sọdá sílé rẹ̀. Àmírà sáré wá, ó dì mọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó ń pariwo "Bravo, Papi!" Alàájì di ọmọ náà mú. Ó wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́, kò rí ọ̀kan tí yóò fi sọ òtítọ́ náà fún un.