Omi Ẹ̀yìn Ògiri

Kí awakọ̀ tó tẹ bíréèkì tán, obìnrin náà ti bọ́ sílẹ̀. Ó há ìgò òfìfo mọ́ abíyá bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Òórùn awọ tútù àti oògùn ilé iṣẹ́ awọ kọlù ú nímú, ó sì mí in sínú dáadáa. Láti kékeré ló ti ń retí ọjọ́ tí yóò tún gbọ́ òórùn yìí.

Ọ̀gá Aláwọ tó ni ilé iṣẹ́ náà ló fúnra rẹ̀ jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Irun rẹ̀ ti funfun, ikùn rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ dé.

"Ẹ káàbọ̀, madaamu. Ẹ wọlé, kí ẹ kọ́kọ́ mu nǹkan tútù."

"Omi ni mo wá bù, ọ̀gá. N kò wá mu ún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn orílẹ̀-èdè òkè òkun tó ń ra awọ rẹ̀ ti bá ìjọba ṣe àdéhùn òwò tuntun: ilé iṣẹ́ tí omi rẹ̀ bá mọ́ kó tó dé odò, awọ rẹ̀ yóò wọlé láì san owó ibodè. Èyí tí omi tirẹ̀ bá dọ̀tí, kó gbé awọ rẹ̀ padà sílé, kó fi rán bàtà fáwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin tó há ìgò mọ́ abíyá yìí ni yóò sì sọ èyí tó mọ́ àti èyí tó dọ̀tí. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Apẹja ni bàbá obìnrin náà. Ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ yìí gan-an, níbi tí odò ti yà sápá kan tó sì dákẹ́, ló ti ń da àwọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi náà pupa, ẹja sì léfòó, wọ́n kọ ikùn sókè. Bàbá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Aláwọ. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

"Baba, awọ ni mò ń tà. N kò ta ẹja."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi bàbá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ní òun ti dáná sun àwọ̀n òun. Ó di ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́, ó ń ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ tó tó bí.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ẹnu páìpù tí omi ilé iṣẹ́ ń gbà jáde sódò, Ọ̀gá Aláwọ ń fọ́nnu nípa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, pé díẹ̀ ló kù kí òun ta ilé nítorí rẹ̀. Obìnrin náà dá a dúró.

"Ẹ rántí apẹja tó máa ń da àwọ̀n lẹ́yìn ògiri yìí?"

"Apẹja wo?"

Kò purọ́. Kò rántí ni lóòótọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìwọ̀nba àánú tó kù nínú obìnrin náà gbẹ níbẹ̀.

"Èmi nìkan ló gbọ́dọ̀ bù ú," ó ní. "Òfin iṣẹ́ wa ni."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, kò dé ẹnu páìpù rárá. Ó yí ògiri ká lọ sídìí omi tó dákẹ́. Májèlé ọdún gbọgbọrọ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Yóò bu tibẹ̀, yóò kọ ọ́ sára ìgò pé ti ẹnu páìpù ni. Ọkọ̀ òkun yóò gbéra láìkó awọ kankan. Kí Ọ̀gá Aláwọ náà wá lọ máa ta ẹja!

Ẹni tó bá fẹ́ bu omi fún àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi ọ̀hún ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé nínú ibi tó fẹ́ ṣe pàápàá, ó ṣan án. Ó dà á nù. Ó tún ṣan án, ó dà á nù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé ìgò sókè sí oòrùn, nǹkan kan sì mira nínú rẹ̀.

Ẹja ni. Kò tó èékánná.

Ó bojú wo omi náà. Àwọn mìíràn ń sá káàkiri lẹ́bàá koríko. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Omijé bàbá rẹ̀ kò mú ọkùnrin yìí fọ ohunkóhun, owó ibodè ló mú un fọ ọ́. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà tó yẹ kí òun bẹ̀.

Igi gígùn kan wà nílẹ̀. Bó bá fi rú ìsàlẹ̀ omi, ẹrọ̀fọ̀ pupa àtijọ́ yóò gòkè wá. Ó mú igi náà. Ó tì í bọ omi. Ó tún wo ẹja inú ìgò. Bó bá rú omi yìí, níbo ni yóò da eléyìí sí?

Ó pẹ́ kó tó ju igi náà sílẹ̀. Ó tẹ ẹnu ìgò sínú omi jẹ́jẹ́ títí ẹja náà fi jáde lọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sẹ́nu páìpù, ó ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, ó bù ú kún. Inú ṣì ń bí i. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, omi ẹ̀yìn ògiri ti mọ́."

"Irọ́ ni."

"Mo rí ẹja níbẹ̀."

Ohun tí obìnrin náà ń gbọ́ nínú fóònù ni ariwo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fà, àti mímí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Àwọ̀n mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí náà ni mo fi í sí."

Obìnrin náà dúró lójú oòrùn pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Láti gbogbo ọdún yìí wá tó ti ń wá bí yóò ṣe gbẹ̀san àwọ̀n tó jóná, àwọ̀n náà kò jóná rí.