Ipa Ìka Lára Fèrèsé Ẹ̀yìn

Moyọ̀sọ́lá ti irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, oje bíi rọ́bà tí wọ́n fi dí etí fèrèsé kí omi má wọlé, ó sì fà. Apá kan já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyókù lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ etí fèrèsé bí ìgbín tí kò fẹ́ kúrò nínú ìkarahun rẹ̀. Ó tún ti irin náà bọ ibẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tí èyí tó kù yọ, ó jù ú sínú àpò sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì sún síwájú díẹ̀.

Láti òwúrọ̀ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Kárávàn yìí, ilé onítáyà tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe títì ń sùn nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alumíníọ̀mù kan ní Agídíngbì, níbi tí òórùn bisikíìtì ti máa ń wá láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri. Jubril ọkọ rẹ̀ ló rà á nígbà tí wọ́n fẹ́ gé e tà fún àwọn onírin. Iṣẹ́ fèrèsé ni Jubril ń ṣe. Ó ní òun yóò sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ fún ìyàwó òun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀: ó yọ gbogbo fèrèsé tó ti bàjẹ́, ó fi tuntun sí i, ó fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí wọn yípo. Ibẹ̀ ni Moyọ̀sọ́lá ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò, títí Jubril fi kú lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Ó ṣì ń ránṣọ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ti aṣọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí òun wà.

Kò tíì sunkún. Àwọn ẹbí Jubril ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Àwọn mìíràn ní ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù tó lọ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, a máa nawọ́ sí fèrèsé ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, a sì fi ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sínú ipa tó wà lójú sílíkọ́ọ̀nù. Ìka ni Jubril fi ń fa sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ kó lè jọ̀lọ̀, ìka tí ó kọ́kọ́ tì bọ omi ọṣẹ. Ó ní kò sí irin tó mọ ojú iṣẹ́ tó ìka. Ipa náà gba ìka Moyọ̀sọ́lá rẹ́gí. A máa fi ìka lọ nínú rẹ̀, a máa fi bọ̀, bí ẹni pé ẹnì kan di ọwọ́ òun mú. Lẹ́yìn náà, á padà sídìí aṣọ.

Ṣùgbọ́n kárávàn ti ń jò. Suara, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Jubril tó sì ti di ọ̀gá láyè ara rẹ̀, wá wò ó. Ó tẹ pákó ilẹ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì díẹ̀. Ó ní oòrùn ti jẹ sílíkọ́ọ̀nù náà, pé bí òjò ọdún yìí bá bá a bẹ́ẹ̀, pákó yóò rà tán, àwọn onírin náà ni yóò sì gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Moyọ̀sọ́lá bi í bóyá kò lè fi tuntun lé orí ti àtijọ́.

"Sílíkọ́ọ̀nù kì í gun orí ara rẹ̀, Ìyá Fatimah," ni Suara wí. "Àfi ká yọ gbogbo ẹ̀."

Moyọ̀sọ́lá ní òun fúnra òun ni yóò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Suara wo pákó tó ń rà, ó wo ojú rẹ̀. "Omi ò mọ ojúsàájú o, Ìyá Fatimah." Ó fi irin pẹlẹbẹ náà lé e lọ́wọ́, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ yọ ọ́ dáadáa. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́ tó dùn ún wò, mo máa ṣe fúrídọ̀mù fún yín bí ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ parí."

Ó yọ ti apá ọ̀tún, ó yọ ti apá òsì. Oòrùn dé àtàrí, ó sì rọ̀. Ó mọ̀ pé ipa ìka ọkọ òun ni òun ń jù sínú àpò. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọ̀la ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò dùn ún. Ó ṣáà ku ti ẹ̀yìn.

Etí fèrèsé ẹnu ọ̀nà ló yọ kẹ́yìn. Ìdá kan jáde ní gígùn, ó tẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ipa ìka ṣì hàn lójú rẹ̀ kedere. Láìronú, Moyọ̀sọ́lá fi ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìka náà sọnù níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀.

Ó fi àtàǹpàkò sí i. Àtàǹpàkò pàápàá kò kún un. Ó kúnlẹ̀ ti àpò sìmẹ́ǹtì, ó fa òmíràn jáde, ó tún fa òmíràn. Bákan náà ni gbogbo wọn rí, wọ́n fẹ̀. Ó wọlé lọ sídìí fèrèsé ẹ̀yìn, ó nawọ́, ó sì fi ìka kan náà sínú ipa tó wà níbẹ̀.

Rẹ́gí.

Nígbà náà ló rántí. Jubril ti fi sílíkọ́ọ̀nù yí fèrèsé yìí ká nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí. Ó pè é nídìí aṣọ pé kó bá òun fi ìka fà á kó tó gbẹ, ó sì sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí. Moyọ̀sọ́lá fúnra rẹ̀ ló ti ìka bọ omi ọṣẹ. Òórùn kíkan sílíkọ́ọ̀nù ta á nímú. Nígbà tí Jubril dé, tó ṣì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ìka ò dọ́gba," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n èyí ò ní jẹ́ kómi wọlé."

Moyọ̀sọ́lá jókòó sórí àga rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti ń dì mú.

Ibẹ̀ ni Suara bá a nírọ̀lẹ́. Ó wo etí àwọn fèrèsé tó ti mọ́, ó wo ti ẹ̀yìn tí irin kò kàn, kò sì mẹ́nu kan fúrídọ̀mù mọ́. Ó rọra ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì fẹ́ ẹ, òun á wá ọgbọ́n kan dá sí pákó náà.

"Rárá," ni Moyọ̀sọ́lá wí. "Tèmi nìyẹn."

Ó dìde, ó ti irin bọ igun rẹ̀, ó fà. Kò já. Ó tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ yí fèrèsé náà po títí ó fi yọ tán, ó sì so rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí okùn tín-ín-rín. Ó jù ú síta.

Suara fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbá ilẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì láti lọ dà á nù.

"Fi ìyẹn sílẹ̀."

Ohùn náà kò jọ tirẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Moyọ̀sọ́lá gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn nílé tí ó rò pé ó ṣófo.

Suara rọra gbé àpò náà padà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni gbé ohun tó ń sùn.