Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tó Kọ́kọ́ Yọ Síta

Àgbàrá wó ògiri lu Ìyá Abíọ́nà ní òpópónà ọjà Ìkàrẹ́, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò sì dá òjò lẹ́bi.

Fadékẹ́ kò dá òjò lẹ́bi. Òun wà lára àwọn tó hú ìyá náà jáde nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń to eegun, Fadékẹ́ padà wá, ó dúró láàárín títì, ó ń wo ibi tí omi gbà wá. Orí òkè àpáta lomi ti ń ṣàn bọ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà. Nígbà tí òun wọlé ọkọ wá láti Ọ̀kà, kòtò ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń gba omi náà lọ sódò. Kòtò yẹn ṣì wà. Abẹ́ ilé ló wà.

Owó kòkó ló dé tí àwọn èèyàn ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá kọ́ tirẹ̀ fẹ́ jókòó sókè lọ́jọ́ ọdún, kó máa wo èrò bí wọ́n ṣe ń jó lọ sọ́jà. Ilé aládùúgbò rẹ̀ á dí i lójú, nítorí náà á yọ iwájú tirẹ̀ síta díẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ náà á tún yọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ilé ṣe ń sún mọ́ títì, tí wọ́n fi jókòó lé kòtò lórí, tí lọ́rí méjì kò lè pàdé níbẹ̀ mọ́. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ wá ilé tó rẹlẹ̀ jù lọ. Ilé alámọ̀ ti Ìyá Abíọ́nà ni.

Lọ́jọ́ kejì, Clement, kánsílọ̀ àdúgbò, pe ìpàdé síwájú ilé Ọlálérè tó ń ra kòkó.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Clement wí, "ọ̀làjú ti dé, ìlọsíwájú kò sì ṣeé dá dúró. Ẹ jẹ́ ká fìmọ̀ ṣọ̀kan, ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀..."

"Ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ká ṣe kí ni?" Fadékẹ́ bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, ìyá."

"Ẹ ti ń parí rẹ̀ látàárọ̀. Ilé ta ni a máa gé?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Clement jókòó. Ọlálérè na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga, ó kọjú sí Fadékẹ́.

"Ìyá Bíọ́dún, Bùsàrí aládùúgbò mi yìí ló jẹ́ kí n yọ tèmi. Kó gé tirẹ̀, màá gé tèmi."

"Ṣé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ni?" Bùsàrí dáhùn. "Mo bá àwọn kan níwájú."

"Ta ló wá bẹ̀rẹ̀?" Fadékẹ́ béèrè.

Kálukú ń wo ilẹ̀. Ọlálérè ló wúkọ́.

"Kí n má tàn ọ́, ọkọ rẹ ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Fadékẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ síta ní òpópónà náà. Ibẹ̀ ni Fadékẹ́ gbé òfì tó fi ń hun aṣọ sí, ibẹ̀ latẹ́gùn ń fẹ́ sí, ibẹ̀ làwọn tó ń ra aṣọ ti ń yà. Abẹ́ sìmẹ́ńtì ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe ń sin olórí ilé sínú ilé rẹ̀.

"Tí mo bá gé tèmi ńkọ́?"

Ọlálérè rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tó sùn síbẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o bá gé tìrẹ, màá gé tèmi kí oòrùn ó tó wọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Fadékẹ́ yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ ọ o."

Nírọ̀lẹ́, Ògúnsúyì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, wá bá a nídìí òfì.

"Ìyàwó, mo gbọ́ ohun kan tí kò dùn mọ́ mi."

"Òótọ́ lẹ gbọ́, bàbá."

"Ṣé orí àbúrò mi lo fẹ́ kí àgbàrá máa gbà kọjá?"

"Ojú ọ̀nà àgbàrá ló sùn sí, bàbá. Àwa la sin ín síbẹ̀. Tó bá wà láyé, kò ní jẹ́ kí Ìyá Abíọ́nà kú sínú ẹrẹ̀ nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Òkú kì í sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń bá a sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá fi irin kan ibẹ̀, o kì í ṣe ìyàwó ilé wa mọ́. Kí o padà sí Ọ̀kà tí a ti fẹ́ ọ wá."

Fadékẹ́ kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ ṣáájú, bàbá. N óò tètè di ẹrù mi."

Ó tú òfì rẹ̀ palẹ̀, ó dì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó gbé dígà, ó sì kọ lu òpó àkọ́kọ́. Èrò pé jọ. Nígbà tí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sílẹ̀, àwọn ọmọ Ògúnsúyì dé, wọ́n hú egungun bàbá wọn kékeré, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Wọn kò kí Fadékẹ́.

Fadékẹ́ gbójú sókè. Ọlálérè dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó ń wò ó.

"Bàbá Olúrántí, oòrùn ò tíì wọ̀."

Gbogbo òpópónà yíjú sí Ọlálérè. Ó wọlé lọ, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó rán ẹnì kan lọ pe káfíńtà. Kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, Bùsàrí ti ń gé tirẹ̀, ó ń kùn, àwọn tó kù náà sì gé tiwọn.

Òjò ńlá tó tẹ̀ lé e bá kòtò ní ṣíṣí. Ọ̀kà ni Fadékẹ́ wà nígbà tó rọ̀, níbi tó fi òfì ti ògiri yàrá ẹ̀yìn nílé baba rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ra aṣọ kì í gbà kọjá.

Ó ṣì ń gbé aṣọ wá sọ́jà Ìkàrẹ́. Ìyá Abíọ́nà ni ó máa ń yà kí, tó jókòó síwájú ògiri tuntun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Fadékẹ́, ṣé kò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ẹrù rẹ̀ rù. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kòtò kọjá níwájú ilé tó bí Bíọ́dún ọmọ rẹ̀ sí, tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó yà.