Táyà Tó Joyè Létí Òkun

Ẹ̀yin ará ilé, àlá tí mo lá lóru àná, bí mo bá dá a gbé sínú, àfàìmọ̀ kó má bẹ́ mi níkùn.

Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ akẹ́rù mi, mò ń sáré lọ létí òkun. Wọ́n fẹ́ sọ àkọ́bí mi lórúkọ nílé àwọn àna mi. Orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò mi, ó ń hanrun. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí oòrùn bá wọ̀ kí n tó dé, alága kánsù wa ni yóò sọ ọmọ náà lórúkọ. Orúkọ tó sì mú bọ̀ ni Sáà-Kejì. Ẹ gbà mí! Ọmọ tí mo bí, kí n máa pè é pé, “Sáà-Kejì, wá jẹun”? Orúkọ sì máa ń ro ọmọ.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti rì sínú iyanrìn. Èyí kò dà mí láàmú. Gbogbo awakọ̀ tó ń gba etí òkun ló mọ̀ pé táyà tó kún fún afẹ́fẹ́ kì í rìn lórí iyanrìn, gbígbẹ́ ló máa ń gbẹ́lẹ̀. Bí èèyàn bá tú afẹ́fẹ́ náà díẹ̀, táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì gorí iyanrìn lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tú u. Táyà lajú.

“Ta lo fẹ́ tú?” ó ní. “O ò mọ̀ pé mo ti joyè ni?”

Lóòótọ́, ó dé fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má bínú, Olóyè. Iyanrìn ló fà á.”

Bí mo ṣe pè é lólóyè, ó wú sí i, ọkọ̀ sì tún rì.

“Lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba,” ó ní.

Ọ́fíìsì ìjọba ń léfòó lókè òkun, nítorí afẹ́fẹ́ inú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀. Mo fò sókè, mo wọlé. Wọ́n ti fi okùn so ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fáṣeyìítán, mọ́ àga kó má bàa forí gbá àjà. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń jẹ bébà orí tábìlì. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ìwo yọ, ó di òbúkọ. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi. Òbúkọ tó bá wà nípò ọ̀gá, ọ̀gá náà ni.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà.”

“Ọkọ̀ rẹ rì?” òbúkọ bi mí. “Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó nìyẹn. A máa fi kún un.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti pọ̀ jù.”

“Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà la rà. A ò ra èyí tó ń tú u. Mẹ́ẹ̀ẹ̀!”

Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo wa ti wà létí òkun. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù níwájú ẹ̀rọ náà, wọ́n ya fọ́tò. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki táyà. “Olóyè! Ọmọ rọ́bà tó ń gbé ọba ròde!” Bí wọ́n ṣe ń kì í ló ń wú, ọkọ̀ rì dé fèrèsé. Oòrùn ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi tó ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi.

Mo gbẹ́nu mọ́ táyà létí. “Rọ́bà lásán ni ọ́. Fọkanáísà ìsọdá títì ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ nínú. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń kì ọ́ yìí, o ò tíì sún kúrò lójú kan.”

Fìlà rẹ̀ já bọ́. Ó bú sẹ́kún, fùùùù, ikùn rẹ̀ sì tẹ́ sórí iyanrìn.

“Ẹnì kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí,” ó ní. “Ó yá, jẹ́ ká lọ.”

A lọ. Ojú kejì tí mo máa là, àgbàlá àwọn àna mi ni mo wà. Oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀. Alága ti wú títí ó fi kún àgbàlá, ọmọ mi sì kéré bí ẹ̀pà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó lanu, “Mo sọ ọmọ yìí ní Sáà…” Àwọn àna mi ń pàtẹ́wọ́! Mo ń wá ibi tí wọ́n gbà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Mo ń ká agbádá rẹ̀ sókè, mo ń ká a, agbádá ò tán.

Mojírádé, ìyàwó mi, ló gbá mi léjìká. Ilẹ̀ ti mọ́, ọmọ wa sì pé ọjọ́ kẹjọ.

“Bàbá ìkókó, ẹ dìde o. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn alága ti dé. Wọ́n ń fẹ́ bàlúùnù tí wọ́n ya ojú ẹ̀ sí, wọ́n ń so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n lóun ló máa kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ.”

Mo nara, mo yán.

“Abẹ́rẹ́ tí o fi ń ránṣọ dà?”