Ife Ràbíátù Kò Rùn

Kò rùn. Jẹ́ n tún gbé e símú... kò rùn o. Omi tí mo fi ṣan agolo mílíìkì lálẹ́ àná ló ṣì wà nínú ife yìí, pẹ̀lú gbogbo ooru Ìdímù, kò kan, kò rùn. Bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àná, ṣe ló ń rùn bí òkú eku. Inú mi sì dùn. Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn.

Torí ife Ràbíátù ni. Ràbíátù ọ̀rẹ́ mi — ọ̀rẹ́, àbí kí ni kí n pè é? Ọjọ́ kan náà la jọ wọ iléeṣẹ́ oníke ní Ẹgbẹ́dá, tábìlì kan náà la jọ ń lò. Òun ló ní ká po oògùn apakòkòrò mọ́ ike kó tó di ife, kí kòkòrò àrùn má lè gbé ara rẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Ó pò ó, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, Ràbí ṣáá ni, Ràbí ṣáá ni. Ìyá Oníke! Ta ló dúró ti iná tí ike fi yọ́? Èmi kọ́? Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín ṣá. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀kan wálé nìyẹn. Kó lè bà jẹ́ lójú mi. Ó sì bà jẹ́ — agbára oògùn náà tán, nílé àti níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ní, "Ràbíátù, ohun tí ò lè pẹ́ ò ṣeé tà. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ pa á tì." Ojú Ràbí pọ́n. Mo fọwọ́ kàn án léjìká... ọwọ́ èké.

Ó wá ṣe jẹ́ tí kò rùn lónìí?

Àbí... Màámi. Ìyá ọkọ mi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń kó àwọn ife funfun sínú omi bílíìṣì, torí omi kànga wa tó ń sọ ife di pupa. "Ìyàwó mi, mo ti bá ẹ rẹ àwọn ife." Àná ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ èyí náà mọ́ ọn, kí n tó bu omi mílíìkì sí i. Bílíìṣì ló dá agbára rẹ̀ padà. Tó bá tún tán, ká tún rẹ ẹ́. Títí lọ...

Ràbí ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfèmi. Bí mo bá dákẹ́, lọ́la ni wọ́n á pa á tì, òun náà á wá di ẹni tí wọn ò kà sí, bíi tèmi. Tàbí kí n lọ sọ pé èmi ni mo rí i, èmi Ìbíyẹmí, kí wọ́n máa pe tèmi náà jàre. Ìyá Oníke. Wọ́n á pè é ná. Wọ́n á —

Dúró ná. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e símú, kí owú tó dé, kí n tó rántí ọ̀gá, kí ni mo wí? Mo wí nǹkan. Ó jáde lẹ́nu mi, torí Màámi dáhùn láti ìdí kànga pé, "Ràbí wo?"

"Ràbí, wá wò ó." Ohun tí mo wí nìyẹn. Èmi nìkan ni mo wà níbí, ife lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín... òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn.