Iyanrìn Etí Òkun ní Ayọ̀bọ̀

Yàrá mẹ́rin ni ilé mi ní Ayọ̀bọ̀, èmi nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń ránṣọ ní Ẹgbẹ́dá, Sìdíkátù ìyàwó mi a máa sọ pé ká kọ́ ọ kó tóbi, kó lè gba ọmọ àti ọmọ-ọmọ. A kọ́ ọ tóbi lóòótọ́. Kí a tó kan òrùlé ni Sìdíkátù kú.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún mi, Fàthíà, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ní yunifásítì kan n'Íbàdàn. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ̀, oṣooṣù ló ń wá wò mí. Ó di ọdún Iléyá nìkan. Nígbà tó yá, ó di orí fóònù: "Dádì, iṣẹ́ ló pọ̀." Iléyá méjì kọjá, n kò fojú kàn án. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi ò tíì ṣe tán àtikú ní tèmi. Ẹni tí ọmọ yà kí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ jẹ́.

Lọ́dún 2013, mo pe Akínbọ́lá kó wá gbẹ́ bóhòólù fún mi. Gbogbo ìgbà tó bá so páìpù tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, á fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ tó bá omi jáde, á dà á sẹ́bàá ògiri, òkìtì kan tẹ̀lé òmíràn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ó ní ibẹ̀ lòun fi ń mọ ibi tí omi wà. Òkìtì pupa ló ṣáájú. Iyanrìn funfun tó ní wóró tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná. Níkẹyìn, amọ̀ dúdú jáde, ìkarahun kéékèèké sì wà nínú rẹ̀, wọn ò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Mo pe Fàthíà, mo ka àwọn òkìtì náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n ṣáà rí nǹkan sọ.

"Ìkarahun? Nínú amọ̀ dúdú? Dádì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o! Bí wọ́n ṣe tò ó yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí i. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."

Ó ní òun ń bọ̀! Ó wá ń ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ ló dàgbà jù. Amọ̀ dúdú yẹn, inú òkun ni, níbi tí omi jìn tó sì dákẹ́. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, iyanrìn kíkúnná gorí amọ̀. Funfun tó ní wóró yẹn ni etí òkun gan-an, ìgbì ló fọ̀ ọ́. Ìgbà tí òkun lọ tán ni ilẹ̀ pupa gba ipò rẹ̀.

"Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ló lọ ni?" Mo bi í.

"Rárá o, Dádì. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn ò ní mọ̀ pé ó ń lọ."

Èmi mọ̀ ní tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé àga sẹ́bàá ògiri. Mo lé ewúrẹ́. Nígbà tí òjò ṣú, mo fi ọ̀rá bo àwọn òkìtì náà. Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò. N kò sọ fún ẹnì kankan pé iyanrìn ló ń wá wò. Ojú ń tì mí.

Sátidé náà bọ́ sí ọjọ́ ìmọ́tótó, tí gbogbo Èkó máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń tu ìyẹ́ adìyẹ tí Fàthíà máa jẹ. Nígbà tí mo padà síwájú ilé, ẹ̀bá ògiri mọ́ tónítóní, ojú ìgbálẹ̀ hàn nílẹ̀. Mọ̀dínátù, aládùúgbò mi, dúró ti bárò lẹ́nu géètì, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

"Bàbá Fàthíà, ẹ wá wò ó! Kòtò iwájú ilé yín ti dí pátá. Mọ́tò ọmọ yín ò ní rì mọ́ jàre!"

Kí ni kí n sọ? Wọ́n ṣe mí lóore. Mo ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo wọlé, mo yọ fóònù, mo wò ó títí. Bí mo bá pè é, á yípadà lọ́nà. Mo ti fóònù bọ àpò, mo lọ dín adìyẹ.

Ọ̀sán ni Fàthíà dé. Mọ́tò rẹ̀ gba orí kòtò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ tòun ti ọ̀rá kéékèèké tó fẹ́ bu iyanrìn sí, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wo ẹ̀bá ògiri.

"Dádì, iyanrìn dà?"

Mo nawọ́ sí ojú ọ̀nà tó gbà wọlé. "Wọ́n fi dí kòtò láàárọ̀. Wọn ò mọ̀."

"Láàárọ̀? Ẹ ò wá pè mí?"

"Bí mo bá pè ọ́, ṣé wàá wá?"

Ó ń wo àwọn ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí wọra, mo sì kábàámọ̀ pé mo béèrè.

Ó jẹun. Ó béèrè bóyá mò ń lo oògùn ìfúnpá mi. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sójú ọ̀nà, ó fi ìka tú u, ó ní gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó ti wà nínú mọ́tò. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Dádì, ẹ má bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fẹ́ gbẹ́ bóhòólù ládùúgbò yìí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ pè mí. Màá wá. Mo ṣèlérí."

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe Akínbọ́lá.

"Ṣé omi yẹn ò dáa ni, Bàbá?"

"Omi dùn."

"Àbí ẹ̀rọ ló bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́."

"Kí la wá fẹ́ gbẹ́, Bàbá?"

"Àyè ṣì wà lẹ́yìnkùlé," mo ní. "Ìwọ ṣáà máa kó páìpù rẹ bọ̀. Sátidé ni kó o wá."