Oúnjẹ Àwọn Ará Ìgbàanì

Ọgbẹ́ náà wà lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sì tóbi ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ni ẹsẹ̀ náà ní bàtà tuntun ló ha òun, kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí dókítà tú báńdéèjì tó wò ó, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ní bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí kò bá wálẹ̀ kíákíá, àfi kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ló tẹ̀ lé e lọ. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé, iwájú ilé náà ni ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà. Wọ́n pín in ni: bàbá àti dígí ńlá rẹ̀ lápá kan, ọmọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lápá kejì. Irun orí àti àjákù aṣọ a máa dà pọ̀ nílẹ̀ títí wọn ò fi ní mọ ẹni tó yẹ kó gbálẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà nítorí ilẹ̀ gbígbá yìí, ìjà ẹ̀rín sì ni.

Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, bàbá jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"Onígbàjámọ̀ tí kò lè dúró," ó ní, "orí ta ni yóò máa fá? Orí eku?"

Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà á gidigidi, torí ó mọ bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ yẹn, bàbá ò ní í pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Gìrìpá ló mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá. Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé irin ní òpópónà kejì. Ọrùn rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn, ó sì fẹ́ràn kó máa wàásù nígbà tí wọ́n bá ń gẹ irun rẹ̀. Orí kò ní í dé ìdajì kó tó ti yanjú ọ̀rọ̀ ayé tán.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Kí ọmọ aráyé tó mọ oko í dá, kí ni wọ́n ń jẹ? Ohun tí wọ́n bá pa nínú igbó, ohun tí wọ́n bá mú nínú omi, ewé tí wọ́n bá já. Ẹran, ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́. Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé àtọ̀gbẹ pa ẹnì kankan nínú wọn?"

"Mi ò bá wọn gbé," ni bàbá wí. "Ìrẹsì ńkọ́?"

"Kò sí ìrẹsì. Inú oko ló ti wá."

"Búrẹ́dì?"

"Ẹ jẹ́ ká má tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀."

"Wọn ò lè yọ ẹ̀wà ṣá. Ẹ̀wà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Wọ́n yọ ẹ̀wà. Ẹ̀pà pàápàá, mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà ni. Mílíìkì ò sí níbẹ̀, torí màlúù inú igbó, ta ló fẹ́ lọ fún wàrà lára ẹ̀? Ohun tó bá ti inú agolo tàbí inú ọ̀rá jáde, ẹ má fẹnu kàn án. Ẹ dín iyọ̀ náà kù."

Bàbá dúró pẹ̀lú kílípà lọ́wọ́. "Kí wá ló kù tí èèyàn ń torí ẹ̀ wà láyé?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni oníbàárà kan pè é síta pé aṣọ tó rán fún òun há lápá. Nígbà tó fi máa tú apá aṣọ náà wò tó sì padà wọlé, Gìrìpá ti lọ. Ó bi bàbá pé ṣé ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà parí sí nìyẹn.

"Ó ku ẹyọ kan," ni bàbá wí, kò wo ojú rẹ̀. "Ohunkóhun tó bá ti dùn lẹ́nu, kò sí níbẹ̀. Ìbáà ṣe kí ni."

Ó gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò fi ní gbà á gbọ́?

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò yí padà nínú ilé náà. Ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́ láàárọ̀, ẹja yíyan àti kùkúńbà lọ́sàn-án, ẹran bíbọ̀ àti kábéèjì lálẹ́. Aránṣọ kó ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ará ilé kejì, òun náà sì ń bá bàbá rẹ̀ jẹ ohun tó ń jẹ, kó má bàa dà bíi pé bàbá nìkan ni wọ́n ń fìyà jẹ. Bàbá ní ẹran ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ní àràárọ̀, ó ń fa awọ ikùn rẹ̀, ó ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ìwọ̀n tó ń gún nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì náà ni, kò dín in. Lọ́kàn ọmọ rẹ̀, oúnjẹ ń lu ṣúgà níwájú, abẹ́rẹ́ ń lù ú lẹ́yìn, ṣúgà ò níbi tó fẹ́ sá gbà. Inú rẹ̀ dùn sí i.

Gìrìpá tún yà wọ́n wò. Ó kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ máa ń le. Ara wọn lè máa gbọ̀n, orí lè máa fọ́ wọn, wọ́n lè máa bínú sí ẹ láìnídìí. Ṣúgà ló ń jà kó tó kúrò lára. Ṣáà fọkàn balẹ̀, á kọjá."

Ṣùgbọ́n ọ̀fun bàbá kì í ṣe ọ̀fun ará ìgbàanì. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ ṣí agolo páúdà tí wọ́n máa ń fi sọ́rùn oníbàárà, ó bá búrẹ́dì nínú rẹ̀.

"Bàbá, páúdà yìí mà ti ń hu búrẹ́dì."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀, ojú sì tì í. Ó wo ẹsẹ̀ tí báńdéèjì wà.

"Ọmọ mi, jókòó. Mo mọ ara mi. Bí mo bá tọ́ nǹkan dídùn wò pẹ́nrẹ́n, mi ò ní í lè dúró, ẹsẹ̀ yìí á sì lọ. Nítorí náà, bí mo bá bẹ̀ ọ́, má dá mi lóhùn. Bí mo bá bú ọ, má dá mi lóhùn. Bí mo bá ń sunkún, jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Gbígbọ́ kọ́. Ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí. Ó kó ṣúgà àti ìgò oyin tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀. Bàbá ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, àmọ́ ẹyin ti sú u, ìdajì rẹ̀ ló jẹ tó fi ti àwo sẹ́yìn. Olùkọ́ kan jókòó sórí àga, bàbá ń gẹ irun rẹ̀. Aránṣọ gbọ́ tí olùkọ́ náà ní, "Ẹ rọra, Bàbá." Ó gbójú sókè. Òógùn bo bàbá láti iwájú orí dé ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kílípà ti fá ọ̀nà kan já àárín orí ẹni ẹlẹ́ni. Olùkọ́ náà wo dígí, ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó sì bínú jáde láìdúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fún mi ní ṣúgà."

"Bàbá, ẹ fara dà á. Gìrìpá ní á kọjá."

"Díẹ̀ báyìí. Orí ṣíbí. Ti tẹ́lẹ̀ kọ́ lèyí, ọ̀tọ̀ lèyí. Jọ̀ọ́."

Ó bẹ̀ ẹ́, kò dá a lóhùn. Bàbá wá bú u. Bàbá tí kì í bú èèyàn ní òṣìkà ni, ó ní ó fẹ́ jogún ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti ọ̀mùtí. Ó wá sunkún bí ọmọdé, ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òun náà ń sunkún. Ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ni, nítorí ẹsẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí bàbá ní òun máa ṣe pátá ló ń ṣe tẹ̀léra wọn lójú rẹ̀. Bí èèyàn bá kìlọ̀ fún ọ pé iná máa jó, tí iná sì jó bó ṣe wí, ṣé o tún máa bèèrè irú iná tó jẹ́?

Nígbà tó yá, bàbá dákẹ́. Ó fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo dígí. Aránṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ẹ rí i bí? Ẹ ti borí ẹ̀." Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń rán etí aṣọ kan lọ. Ìgbà tó gbọ́ tí àga ń mì kìjìkìjì ló tó yíjú. Bàbá ti le gbagidi, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì àgbà bi í ní ìbéèrè. Ṣé wọ́n gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n jẹ? Ẹyin díẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí èèyàn bá yí oúnjẹ ẹ̀ padà, ó yẹ kí dókítà dín abẹ́rẹ́ yẹn kù. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé wọn ò jẹ búrẹ́dì mọ́, á ṣáà máa fa ṣúgà kúrò lẹ́jẹ̀, ọpọlọ ò sì lè wà láìsí i. Ara fúnra ẹ̀ máa ń bèèrè nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò bèèrè nǹkan dídùn ni?"

"Wọ́n bèèrè," ni aránṣọ wí.

Gìrìpá bá a ní kọ́rídọ̀. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́, apá ńlá rẹ̀ méjèèjì rọ wálẹ̀. "Ta ló ní nǹkan dídùn ò sí níbẹ̀? Èso wà níbẹ̀. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ. Oyin gan-an wà níbẹ̀, níwọ̀nba. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí o jáde. Mi ò sì mọ̀ pé wọ́n ń gún abẹ́rẹ́."

"Ẹ ò bèèrè," ni aránṣọ wí. Ó fẹ́ bínú sí i, kò rí agbára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgò oyin tó wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ ló gba gbogbo inú rẹ̀ kan.

Bàbá ò kú. Àwọn èèyàn ní kí aránṣọ dúpẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wí i. Wọ́n ti yí abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ rẹ̀ padà. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ sì jiná. Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní ẹsẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ gígé. Bàbá lè dúró láti àárọ̀ dalẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́: bí wọ́n bá fi àlùmọ́gàjí sí i lọ́wọ́, á kàn máa yí i wò ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́sàn-án kan, aránṣọ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àjákù aṣọ nìkan ló wà nílẹ̀. Bàbá jókòó síwájú dígí. Ó rọra pè é, ó sì fi ọ̀wọ̀ tẹ orí ba fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan díẹ̀ jẹ. Nǹkan tó bá dùn."

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, bàbá yìí ò fi "ẹ" pè é rí. Ó wọlé lọ, ó gé búrẹ́dì tín-ín-rín, ó fi oyin ra á. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀. Ó wá wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ní ọmọ obìnrin kan, kò lè fún mi. Ẹ má bá a wí o. Èmi ni mo ní kó má fún mi. Ọmọ dáadáa ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nu oyin kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Màá kí i, sà," ó ní.